Etí Tí Mo Fi Kún Rìmóòtù

Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ tó ń wa dírónù lóde ìnáwó, nígbà tí wọ́n bá ń dúró kí ìyàwó jáde. Ọ̀rọ̀ bí àwòrán ṣe mọ́ tó kọ́ ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu wọn, kì í sì í ṣe ti owó iṣẹ́. "Tìẹ máa ń dé ibo?" ni ìbéèrè wọn. Ọ̀kan á ní òun ti dúró ní Ìdímù rán tòun dé Ìkòtún, ó sì padà wálé láyọ̀. Èkejì á ní irọ́ ńlá ni, àfi tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ló gbé e lọ. Ẹ̀kẹta ò ní sọ̀rọ̀. Á kàn fa rìmóòtù tirẹ̀ yọ nínú báàgì, ẹnu gbogbo wọn á sì pa, torí ó ti yọ áńtẹ́nà tó bá a wá dànù, ó ti fi pátákó funfun pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì rọ́pò rẹ̀. Ó ti borí láìtíì tan nǹkan kan.

Èmi náà ní pátákó yẹn nílé. Torí ọ̀nà jíjìn ni mo ṣe rà á. Ó sì wúlò fún mi gan-an, àmọ́ kì í ṣe fún ohun tí mo torí ẹ̀ rà á.

Ìṣẹ̀rí-Olófin ni mo ń gbé, ní Alimọ́ṣọ́. (Ìṣẹ̀rí pọ̀ o. Ìṣẹ̀rí-Ọ̀ṣun wà lọ́nà Ìjẹ́gun, òmíràn sì wà létí odò Ògùn. Ẹni tó bá kàn sọ fún onímárúwá pé "Ìṣẹ̀rí" láìfi orúkọ kejì kún un, ibi tó bá bá ara rẹ̀ ni kó fara mọ́.) Iṣẹ́ fídíò ni mo ń ṣe: ìgbéyàwó, òkú àgbà, ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Abẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ní ìwé àṣẹ ni mo ti ń wa dírónù. Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn kì í ṣe kékeré, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Lára páálí DJI Mini 2, dírónù kékeré tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé ó lè lọ tó kìlómítà 10 tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 6 tó bá jẹ́ ti Yúróòpù. Ẹ̀rọ kan náà ni. Òfin ló yàtọ̀: lórí ìgbì 2.4 GHz tí rìmóòtù fi ń bá dírónù sọ̀rọ̀, Yúróòpù ò gbà kí agbára rẹ̀ kọjá mílíwáàtì 100, Amẹ́ríkà sì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Wọ́n tún wá fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ibi tó tẹ́jú, tí kò sí ìdènà, tí kò sí ariwo rédíò, ni àwọn ti wọ̀n ọ́n.

Níbo ni ibi bẹ́ẹ̀ wà ní Alimọ́ṣọ́? Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 níbẹ̀, kò sì tíì sí ọdún tí ilé kíkọ́ dúró láti ìgbà náà. Ilé dé ilé ló ní táǹkì dúdú lórí irin, omi kún inú rẹ̀, irin náà sì ga dé ibi tí ìgbì rédíò fẹ́ gbà kọjá gẹ́lẹ́. Omi a máa mu ìgbì 2.4 GHz. Òrùlé páánù a máa lé e padà. Wáìfáì inú ilé, MiFi, àtàwọn ẹ̀rọ tó ń lo Bluetooth, orí ìgbì kan náà ni gbogbo wọn ti ń rojọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, tí oníkálukú bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dírónù mi a máa já kó tó dé ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó wà lára páálí.

Ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tigbà ní Ìkẹjà ni mo gbé rìmóòtù lọ. Ti dírónù Phantom mi ni, áńtẹ́nà méjì ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì kékeré, tí iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń tàn sí i níwájú, gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i wò.

"Ẹ̀gbọ́n, tí n bá ṣí i, wọ́ranti ti lọ nìyẹn o."

"Wọ́ranti wo? Tòkunbọ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú skrúù. Bí ìdérí ṣe kúrò ni mo rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, tí wọn ò nípọn ju okùn ìránṣọ lọ, tí orí idẹ róbótó wà ní ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò fẹ̀ ju mílímítà mẹ́ta lọ. Orí idẹ yẹn ni wọ́n tẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Gbogbo ohun tí dírónù bá fẹ́ sọ fún mi àti gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ sọ fún un, ojú kékeré yẹn ló ń gbà. Kò fi ẹ̀mú fà á. Ó mú ike pẹlẹbẹ kan, ó tì í bọ abẹ́ idẹ náà, ó gbé e sókè lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ títí ó fi dún "tẹ́". Ó ní, "Tẹ́ ẹ bá fà á, bọ́ọ̀dù á bá a wá." Ó tẹ wáyà tuntun síbẹ̀, ó lu ihò lára ike, ó gbé orí tí a ó máa dè mọ́ pátákó náà síta.

Mo bi í pé ṣé kò lè fún mi ní wáyà gígùn, kí n lè fi pátákó náà kọ́ orí ọ̀pá, kí n sì dúró sílẹ̀ nínú ìbòòji. Ó mi orí.

"Wáyà yìí ń jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mítà kan péré, nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì méjì ti bá a lọ. Ẹ ó ra mẹ́fà lọ́jà, mẹ́rin lẹ ó gbé délé." Ó wá ṣe mí ní ìkìlọ̀ kan sí i: n kò gbọ́dọ̀ tan rìmóòtù nígbà tí pátákó kò bá sí lórí rẹ̀, torí agbára tí kò bá rọ́nà jáde á ṣẹ́rí padà sínú bọ́ọ̀dù, ó sì lè jó o.

Mẹ́fà tí ọmọkùnrin yẹn ń sọ, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń náwó lé láìmọ ohun tó jẹ́. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta túmọ̀ sí pé agbára di ìlọ́po méjì, mẹ́fà sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́rin agbára kò gbé dírónù lọ sí ìlọ́po mẹ́rin ọ̀nà. Ìlọ́po méjì péré ni, níta gbangba tí ohunkóhun kò dínà. Ẹni tó bá wá fẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ọ̀nà, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì méjìlá ló ń wá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àní, pátákó náà kò tilẹ̀ ní agbára kankan nínú. Kò ní bátìrì, iná kì í wọ inú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pe ẹnì kan ní òdìkejì odò a máa fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu. Èémí rẹ̀ kò lé sí i; ohùn tí ì bá fọ́n ká sẹ́yìn àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló kó jọ síwájú. Tó bá sì fẹ́ gbọ́ ìdáhùn, ọwọ́ yẹn náà ni yóò gbé lọ sí etí. Iṣẹ́ méjèèjì ni áńtẹ́nà ń ṣe, ìkejì ló sì ṣe pàtàkì jù fún àwa oní-dírónù. Ohun tí rìmóòtù ń sọ kò pọ̀: lọ síwájú, yà sọ́tùn-ún, gòkè. Dírónù ló ń rojọ́, torí òun ló ń fi àwòrán ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, àwòrán sì wúwo. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́, àwòrán ló kọ́kọ́ ń fọ́, nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì ń gbọ́ràn sí wa lẹ́nu. Ìdí nìyẹn náà tí n kò fi ra búsítà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Kì í ṣe kìkì pé ó ń fi ariwo da àwọn ẹlòmíràn láàmú. Ó mọ igbe é ké, kò mọ ọ̀rọ̀ ọ́ gbọ́.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó dàgbà nílé tí áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n wà lórí òrùlé. Ẹnì kan á gun òkè lọ yí ọ̀pá, ẹnì kan á dúró ní ojú fèrèsé, ẹni tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n á máa pariwo látinú pálọ̀.

"Ṣé ó ti mọ́?"

"Ó kù díẹ̀!"

"Ọ̀tún àbí òsì?"

"Padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀! Ó tún ti bàjẹ́!"

Àwọn mìíràn a máa fi ìdérí ìkòkò kọ́ ọ. Ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, láti ìgbà náà sì ni irin onígbọ̀nwọ́ púpọ̀ yẹn ti ń gun orí ilé wa. Yagi ni orúkọ irú rẹ̀, orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Japan ni. Òun àti Shintaro Uda, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ló gbé e jáde ní 1926 ní ìlú Sendai. Ará ilé wọn kò kà á sí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Japan gba Singapore lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, wọ́n rí ìwé kan tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan fi ń kọ nǹkan nípa ẹ̀rọ rédà, "Yagi" wà nínú rẹ̀ léraléra, kò sì yé wọn. Ẹni tí wọ́n mú ní ìgbèkùn ni wọ́n bi. Ó yà á lẹ́nu pé àwọn ni wọ́n ń bèèrè, ó wá sọ fún wọn pé ọmọ Japan ló ni orúkọ náà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju bó ṣe yẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan iṣẹ́ mi.

Pátákó tèmi kì í ṣe Yagi, àmọ́ ìwà wọn jọra: ibi tó kọjú sí ló ń gbọ́. Èyí tó bá ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ a máa gbọ́ láàárín nǹkan bí dígírì 70 níwájú rẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́rìnlá, ó ti há mọ́ nǹkan bí 30. Bí etí ṣe ń jìn sí i ló ń há sí i. Níbi ìgbéyàwó kan ní Ẹgbẹ́dá, mo ń gbé dírónù yípo orí kánópì, ìyá ìyàwó pè mí látẹ̀yìn, "Oníkámẹ́rà!" Ọmọ Yorùbá ni mí, n kò lè fi ẹ̀yìn dá ìyá lóhùn. Mo yí gbogbo ara padà, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, "Ẹ kú ìnáwó, mà," àwòrán sì fọ́ yángá lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àǹfààní rẹ̀ wà. Pátákó tí kò gbọ́ tẹ̀yìn kò gbọ́ wáìfáì ẹ̀yìn náà. Mo gun dẹ́kìn ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, mo kọjú sí ọ̀nà LASU, mo gbé dírónù dé ibi tí àwòrán ti sábà máa ń fọ́ láàárín àwọn táǹkì, kò ju irínwó mítà lọ sí mi. Àwòrán dúró digbí. Mo dá a dúró síbẹ̀, mo rọra yí i lọ yí i bọ̀, kò fọ́. Inú mi dùn ju ìgbà tí mo gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn ní pápá gbangba lọ, torí ibí yìí ni mo ti ń jẹun. Ta ló ń san owó fún kìlómítà márùn-ún? Oníbàárà mi ń wá àwòrán tí kò ní já nígbà tí ìyàwó bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Ẹni tí kò bá sì tíì náwó, kó kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń na ṣóńṣó áńtẹ́nà sí dírónù bí ẹni ń na ìka sí olè. Orí ṣóńṣó yẹn gan-an ni kì í gbọ́ràn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kó kọ sí i, ọ̀fẹ́ sì ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kó gun òkè. Ìgbì rédíò kì í gba ojú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, ó ń fẹ́ àyè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti lókè àti nísàlẹ̀: láàárín kìlómítà méjì, lórí 2.4 GHz, àyè náà a máa fẹ̀ tó mítà mẹ́jọ yíká ní agbedeméjì ọ̀nà. Òrùlé tó bá wọ inú àyè yẹn ti ń bù nínú rẹ̀, bí ojú rẹ tilẹ̀ ń rí dírónù kedere. Mo ti rí ẹni tó gun àjà kejì pẹ̀lú áńtẹ́nà tó bá rìmóòtù wá, tó sì na ẹni tó dúró sílẹ̀ pẹ̀lú pátákó olówó ńlá.

Ọ̀rọ̀ ìwé wá kàn báyìí. Àjọ NCAA, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, ti kéde láti 2016 pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wa dírónù ní Nàìjíríà láìgba ìwé lọ́wọ́ wọn àti ìyọ̀ǹda láti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò tó kìlómítà mẹ́wàá sí wa ní Ìṣẹ̀rí tí a bá fa ìlà tààrà, nítorí náà n kì í kọjú sí apá ibẹ̀ rárá. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2025, àwọn ológun òfurufú tó ń bá Boko Haram jà fòfin de dírónù aládàáni ní gbogbo Àríwá Ìlà-Oòrùn, torí àwọn ọ̀tá náà ti ń lò ó. Ẹni tó bá dúró lórí òrùlé lónìí pẹ̀lú pátákó funfun lọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ wà lókè, kó mọ ohun tí ọlọ́pàá tó ń kọjá lè rò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọlọ́pàá ló mú mi ronú jù. Bàbá kan ládùúgbò ló jáde sí mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, aṣọ ìbora ṣì wà léjìká wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń wò nínú àgbàlá mi?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ọ̀nà ni mo ń yà, kì í ṣe àgbàlá yín."

"Nǹkan yẹn ò mọ̀yàtọ̀ ọ̀nà àti àgbàlá. Ìyàwó ọmọ mi ń wẹ̀ níbẹ̀."

Mo fi ojú fóònù hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí, wọ́n rí òrùlé ara wọn, ohùn wọn sì rọ̀. Wọ́n ní kí n tún gbé e lọ sẹ́yìn díẹ̀, sí apá yàrá wọn, kí wọ́n lè rí ibi tí páánù ti ṣí tí òjò fi ń jò lé wọn lórí. A rí i. Wọ́n ránṣẹ́ sí káfíńtà kí n tó kó ẹrù mi.

Ká ní kìlómítà mẹ́ta ni mo ti rán an wá ńkọ́? Dírónù á dé orí àgbàlá náà, bàbá á jáde, wọ́n á gbé ojú sókè, wọ́n á bú u, kò ní sí ẹni tó máa dá wọn lóhùn. Áńtẹ́nà mi lè gbọ́ dírónù láti ibi tó jìnnà, kò lè gbọ́ ẹni tó dúró nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ wà nìyí, mo sì mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi kò gbà pẹ̀lú mi. Wọ́n ní ìtẹ̀síwájú ni. Wọ́n á tọ́ka sí Zipline, tó ń fi ọkọ̀ òfurufú aláìláwakọ̀ gbé oògùn lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ní Kàdúná láti 2022, ọ̀nà tó jìnnà tí ojú kankan kò lè bá dé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ mọ̀ sí i, ilé ìwòsàn ń retí rẹ̀, wọ́n ti mọ ojú ọ̀nà tó ń gbà. Kì í ṣe ọkùnrin kan lórí dẹ́kìn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Makoko ní 2019, nígbà tí Code for Africa fi dírónù ya àwòrán ilẹ̀ àdúgbò orí omi náà, tí wọ́n sì kọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ láti wà á fúnra wọn. Ẹni tó ń wà á àti ẹni tó wà nísàlẹ̀ mọra.

Ìtàn àwa Àwórì sọ pé Ògúnfúnmiìrè, tí à ń pè ní Olófin, gbé àwo lé ojú odò, ó ní ibi tó bá rì sí ni òun àti àwọn èèyàn òun yóò tẹ̀dó. Wọn kò jókòó síbi tí wọ́n ti gbé e léfòó kí wọ́n máa wò ó títí tó fi wọ̀ lójú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ lé e.

Bátìrì náà kò sì bá wa ṣeré. Kìlómítà márùn-ún, tí dírónù bá ń sá mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ lálọ. Atẹ́gùn òkun ní Èkó, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá rán an sí apá Ìpájà, atẹ́gùn á tì í lẹ́yìn, ẹ ó rò pé ẹ ti gbọ́n. Àbọ̀ ló ń dá sẹ̀ríà: tí atẹ́gùn mítà márùn-ún bá dojú kọ ọ́, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti lé ní mẹ́rìndínlógún, áńtẹ́nà kankan kò sì lè fi ìṣẹ́jú kan kún bátìrì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tó ń ta ilẹ̀ ní apá Akésan pè mí. Ó fẹ́ fídíò ọ̀nà LASU láti Ìṣẹ̀rí títí dé Ìgàndò, kó má já rárá.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ní áńtẹ́nà ńlá."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ fún un pé a máa pín ọ̀nà náà, a máa gbé ọkọ̀, a máa dúró níbi mẹ́ta, ojú mi ò ní kúrò lára dírónù, n ó sì so fídíò náà pọ̀ tí kò ní hàn síta. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní tí mo bá máa fi ọkọ̀ tẹ̀ lé e, kí wá ni áńtẹ́nà ń ṣe, kí n yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kúrò nínú owó náà. Mo ní epo ọkọ̀ ńkọ́? A ṣì ń nájà lórí ẹgbẹ̀rún márùn-ún.